Kíláàsì Sátidé ní Lágere fún Nọ́ọ̀sì Tó Fẹ́ Mọ Bí A Ṣe Ń Gbé Ìbéèrè Ìwádìí Kalẹ̀

Sátidé mẹ́rin ni mo fi lọ sí kíláàsì kan ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa nọ́ọ̀sì bí a ṣe lè sọ ohun tó ń rú wa lójú ní wọ́ọ̀dù di ìbéèrè tí ìwádìí lè dáhùn. ₦12,000 ni gbogbo owó rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń pín. Owó náà kò dùn mí rárá, mo sì ti sọ fún àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì pé kó lọ. Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà tí kíláàsì náà kù káàtó, n óò sì sọ wọ́n láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, nítorí ẹni tí yóò ṣíwọ́ iṣẹ́ alẹ́, tí yóò sì wọ mọ́tò láti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 30, ó yẹ kó mọ ohun tó ń lọ bá.

Iyàrá kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì: àga oníke, fáànù kan, pátákó funfun kan. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ni níbẹ̀. Ó bẹ̀ wá pé kí a má gbé orúkọ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹ̀bẹ̀ náà. Mátíròn ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n óò sì máa pè é níhìn-ín. Àwa mọ́kànlá la wà nínú kíláàsì náà, láti Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́, Ìpetumodù àti Iléṣà.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Mátíròn kò kọ nǹkan kan sára pátákó fún odidi wákàtí kan. Ó pín abala ìwé fún wa, ó ní kí oníkálukú kọ ohun kan tó ń dà á láàmú lẹ́nu iṣẹ́ síbẹ̀. Èmi kọ̀wé nípa kánúlà, ìyẹn ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ti bọ inú iṣan kí oògùn tàbí omi lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo ní: "Kí ló dé tí ọwọ́ àwọn aláìsàn wa fi máa ń wú níbi tí a bá fi kánúlà sí?" Ó kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìdáhùn èyí wà nínú ìwé tí o fi ṣe ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Lọ ka orí tó sọ̀rọ̀ nípa iṣan ẹ̀jẹ̀. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún mi."

Mo wá sọ ọ́. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí 72 ni a ń fún kánúlà. Bó bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta, a ó yọ ọ́, a ó sì fi òmíràn sí ojú ibòmíràn, yálà ó bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 70 ọdún. Kánúlà tó wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì bàbá yìí ń ṣiṣẹ́ geere, ojú ibẹ̀ kò pọ́n, kò wú. Ọjọ́ pé, mo yọ ọ́. Ọmọbìnrin bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ ra tuntun pẹ̀lú pílásítà, owó apò rẹ̀ ni. Ìgbà mẹ́rin ni mo gún bàbá kí n tó rí iṣan mìíràn, nítorí iṣan àgbàlagbà a máa yẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Bàbá kò pariwo. Ó kàn wo ẹ̀yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló ṣe é?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Mátíròn ní, "Bàbá yẹn ti béèrè ìbéèrè náà. Ìwọ ni kò tíì béèrè rẹ̀."

Láti ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ẹ̀yà ìbéèrè méjì ló wà, pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dà wọ́n pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni ìbéèrè ìpìlẹ̀: kí ni àìsàn yìí, kí ló ń fà á, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló ń dáhùn ìyẹn. Èkejì ni ìbéèrè ojú iṣẹ́, èyí tó ń béèrè pé fún irú aláìsàn báyìí, ṣé kí n ṣe tibí ni tàbí tọ̀hún, èwo ló sì máa ṣe é láǹfààní. Èkejì yìí ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó dá lé ẹ̀rí ń bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀. Ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀rí ìwádìí nìkan kò tó: ìmọ̀ tí nọ́ọ̀sì ti ní lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fẹ́ náà wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì ń gbé yẹ̀ wò pọ̀.

Sátidé kejì ni ọkàn kíláàsì náà, bí ẹ kò bá sì lè lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lọ. Ìwé kan tí wọ́n fa àpótí márùn-ún sí ni ó fún wa, lẹ́tà kan sì wà lórí àpótí kọ̀ọ̀kan: P, I, C, O àti T. Ọdún 1995 ni dókítà W. Scott Richardson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kọ̀wé nípa ìbéèrè tí a kọ́ dáadáa, tí wọ́n sì pín in sí mẹ́rin: àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn (P), ohun tí a fẹ́ ṣe fún wọn (I), ohun tí a ń fi wé e (C), àti àbájáde tí a ń retí (O). Lẹ́yìn náà ni Bernadette Melnyk àti Ellen Fineout-Overholt, àwọn nọ́ọ̀sì méjì ní Amẹ́ríkà, wá jẹ́ kí T di mímọ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, ìyẹn iye àkókò tí a ó fi wò ó. Mo ti gbọ́ PICOT rí ní ilé ẹ̀kọ́. Mo há a sórí, mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gbàgbé rẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ní Lágere ni pé ìbéèrè ara mi ni mo gbé wọ inú àpótí wọ̀nyẹn, bírò pupa Mátíròn sì ń tẹ̀lé mi.

Ní àpótí P, mo kọ "àwọn aláìsàn". Ó fi bírò yí i ká. Ó ní, "Ọmọ tí a bí lánàá ńkọ́? Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ ńkọ́? Iṣan gbogbo wọn dọ́gba?" Mo pa á, mo kọ pé àwọn àgbàlagbà tó wà ní wọ́ọ̀dù, tí a retí pé wọn yóò gba oògùn tàbí omi sínú iṣan fún ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ní àpótí O, mo kọ "kí ara aláìsàn yá". Ó yí ìyẹn náà ká. Ara lè yá tàbí kó má yá nítorí ọgọ́rùn-ún nǹkan tí kò kan kánúlà. Ó ní kí n kọ ohun tí ojú mi lè rí, tí ìka mi lè fọwọ́ kàn, tí mo sì lè kà. Ibẹ̀ ni mo jókòó tì pẹ́ jù, títí mo fi kọ ọ́: ojú ibẹ̀ tó pọ́n, tó wú, tó gbóná, tó ń ro aláìsàn, tàbí iṣan tó le bí okùn lábẹ́ ìka. Ohun tí mo ti ń rí lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà ni, àmọ́ n kò tíì to gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan rí.

Àpótí C ló dá ìjà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wa fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí a rò pé bí ohun tí a fẹ́ ṣe bá ti dára, kí la tún ń fi wé? Mátíròn béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin kan nínú wa pé bó bá dé gáréèjì, tó ní òun ń lọ sí Ìjẹ̀ṣà, tí kò sọ bóyá Iléṣà ni tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, mọ́tò wo ni wọn yóò ní kó wọ̀. A gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa, tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo ní àdúgbò Òkè-Ìtasẹ̀, ló là á yé mi jù. Ó ní nígbà tí wọ́n bá ń fi ìbò béèrè lọ́wọ́ Ifá, owó ẹyọ máa wà ní ọwọ́ kan, eegun a wà ní ọwọ́ kejì, wọn á sì ti sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í di ọwọ́ kan ṣoṣo síwájú ọpọ́n. Mátíròn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó ní ìwádìí àti Ifá kò gba ọ̀nà kan náà dé ìdáhùn, àmọ́ ọmọ náà ti sọ ìdí tí àpótí C fi wà: ẹni tí kò sọ ohun tí òun ń fi wé nǹkan, kò sí ìdáhùn tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó fi kún un pé àṣà tí a ti ń ṣe bọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ni ó sábà máa ń wọ àpótí C, ìyẹn sì ni kì í jẹ́ kí a rí i, nítorí ojú wa ti mọ́ ọn.

Bí ìbéèrè mi ṣe rí nígbà tí ọjọ́ yẹn máa fi parí rèé: Láàárín àwọn àgbàlagbà tó wà ní wọ́ọ̀dù, tí wọn yóò gba oògùn sínú iṣan fún ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, bí a bá ń yọ kánúlà kìkì nígbà tí àmì bá fi hàn pé ó ti bàjẹ́, dípò kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 72, ǹjẹ́ iye àwọn tí iṣan wọn ń wú tí ó sì ń ro wọ́n yóò pọ̀ sí i kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn? Mo ti kà á fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. Ìbéèrè bàbá yẹn náà ni.

Ní Sátidé kẹta ni a wá ìdáhùn lọ. PubMed ni a lò, ibi tí a ti ń wá ìwé ìwádìí ìṣègùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń bójú tó, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ibí ni iṣẹ́ Sátidé kejì ti sanwó rẹ̀ padà, torí àpótí kọ̀ọ̀kan ló di ọ̀rọ̀ tí a ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ: a ó fi OR so àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra nínú àpótí kan náà pọ̀, a ó sì fi AND so àpótí kan mọ́ èkejì. Cannula ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, nítorí orúkọ tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn. Nígbà tí mo fi peripheral catheter kún un ni àwọn ìwádìí tí mo ń wá tó jáde. Lára wọn ni èyí tí Claire Rickard, nọ́ọ̀sì ará Ọsirélíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà nípa ìṣègùn, ní ọdún 2012. Aláìsàn 3,283 ni wọ́n kó jọ ní ilé ìwòsàn mẹ́ta ní Queensland, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì tó wà nínú ìbéèrè mi gan-an. Iye àwọn tí iṣan wọn wú jẹ́ 7% ní apá méjèèjì. Àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí lórí ìtọ́jú jọ láti yẹ̀ wọ́n wò pọ̀, ṣe lórí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ náà kò rí ìyàtọ̀ tó dájú nínú wíwú iṣan láàárín ọ̀nà méjèèjì, ó sì gba ni nímọ̀ràn pé kí a máa yẹ ojú kánúlà wò nígbàkígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń gbé iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́.

Inú mi dùn dé ibi pé mo fẹ́ dìde lọ sí Iléṣà lójú ẹsẹ̀. Mátíròn ní kí n jókòó. Ó béèrè pé ní wọ́ọ̀dù wa lóru, nọ́ọ̀sì mélòó ló wà fún aláìsàn mélòó? Mo ní àwa méjì fún aláìsàn tó sábà máa ń lé ní 20. Ó ní, "Bí o bá wá fi kánúlà sílẹ̀ títí àmì yóò fi yọ, ta ni yóò rí àmì náà?" A padà sí àpótí I, mo sì fi kún un pé kí á máa yẹ ojú kánúlà wò, kí á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí a bá ń gbé iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn máa ń tún ìbéèrè rẹ̀ kọ lẹ́yìn tó ti rí ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó ₦12,000 lójú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé mú ọ̀rọ̀ fífi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ara ọmọ tí ibà ń dà láàmú wá. Ìdáhùn tirẹ̀ tilẹ̀ sún mọ́ ilé: Martin Meremikwu àti Angela Oyo-Ita láti Calabar ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò Cochrane ti ọdún 2003 lórí rẹ̀. Ìwádìí díẹ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀ ni wọ́n rí, ó sì jọ pé fífi omi nu ara ń bá ni dín ibà kù, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n àti kí awọ ara ọmọ máa yọ kúlúkúlú bíi ti ẹni tí òtútù mú pọ̀ lára àwọn tí a nù. Ọ̀rẹ́ mi kò ti ronú kan gbígbọ̀n rí. Ó lọ fi í sínú àpótí O, gẹ́gẹ́ bí àbájáde kejì tí òun náà yóò máa kà.

Ọjọ́ yẹn náà ni Mátíròn sọ ìtàn David Morley fún wa, dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, tó sì tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìmẹsí-Ilé láti ìgbà tí a bí wọn títí wọ́n fi di ọmọ ọdún márùn-ún, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì tí a fi ń wọn ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ru ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kíláìníkì àwọn ọmọ náà. Ìlú wa ni èyí ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ ní kíkún. Ó dùn mí díẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ló wà fún àwa mọ́kànlá ní Sátidé kẹta. Ẹni tí kò bá ní fóònù tó dára àti dátà, wíwò ni yóò kàn máa wò. Iná lọ ní agogo mẹ́wàá, a kò sì rí fáànù lò mọ́. Lẹ́tà inú ìwé fọ́tòkọ́pì tí wọ́n pín fún wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, èyí tó yà mí lẹ́nu níbi tí ẹ̀rọ náà ti wà lábẹ́ ilé. Wọn kò sì kọ́ wa bí a ṣe ń wọ Hinari, ètò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 2002 kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè rí odindi ìwé ìwádìí kà. Àkótán kúkúrú ni ọ̀pọ̀ wa kà, àkótán kò sì tó láti yí ìṣe wọ́ọ̀dù padà.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti obìnrin kan láti Modákẹ́kẹ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe ń rí lára ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àpótí agbọ́mọgbóná, tí kò lè gbé e mọ́ra. Ìbéèrè pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n àpótí márùn-ún yẹn náà ni wọ́n fi tì í, wọ́n ní kó wá C, wọ́n ní kó wá O tí ó lè kà. Ó kọ́kọ́ fi ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ wé e, ó pa á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń kọ nípa ìwọ̀n ọmọ. Èyí kò dára. Ìbéèrè nípa ohun tí ènìyàn ń là kọjá ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí ó jẹ́ P, I àti Co péré, ìyẹn àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí a fẹ́ mọ̀ nípa wọn, àti ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kò sí ohun tí a ń fi wé nǹkan níbẹ̀. Mo sọ èyí fún Mátíròn lẹ́yìn kíláàsì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fi Sátidé kan kún un fún irú ìbéèrè yìí." Ó gbọ́ mi dáadáa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo nírètí pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò jàǹfààní rẹ̀.

Sátidé kẹrin kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: oníkálukú dìde ka ìbéèrè tirẹ̀ àti ohun tó rí, a sì lọ sílé. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í fúnni ní àmì MCPDP, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún tó di dandan fún nọ́ọ̀sì, níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ibòmíràn ni kó lọ. Ní tèmi, ìwé ìbéèrè mi ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù. Ó ní òun yóò gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé, ó sì gbà pé kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ojú kánúlà ṣe rí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń gbé iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́.

Ẹni tó bá ń ti Iléṣà bọ̀ kó sọ̀ ní Mayfair, kó gun ọ̀kadà wọ Lágere, kó sì tètè kúrò nílé, nítorí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ ni Mátíròn ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbé dátà àti omi mímu dání. Ẹ ronú kan aláìsàn kan tí ẹ kò lè dá lóhùn, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, torí òun ni Mátíròn yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ yín.